Ta Ló Kó Owó Àjọ Náà?

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà wọlé. Mo ti fẹ́ sùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orí kẹta ìwé mi sórí WhatsApp tán ni, èmi fúnra mi ni mo fi ohùn kà á, ìṣẹ́jú méje, mo sì wà níbi tí mo ti ń ka iye èèyàn tó ti gbọ́ ọ. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ni. Ẹni náà kọ ọ́ pé: “Ẹ káalẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kó owó yẹn?”

Mo rẹ́rìn-ín. Irú ìbéèrè tí òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń gbàdúrà fún nìyẹn. Mo dá wọn lóhùn pé kí wọ́n ra ìwé, 2,500 náírà péré ni, wọ́n á bá olè náà pàdé ní orí kejìlá. Mo fi àwòrán ẹ̀rín mẹ́ta sí i.

Wọ́n dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kọ ọ́ pé: “Rárá o. Kì í ṣe ti inú ìwé ni mò ń béèrè. Ìyá ìyá mi ni ìyàwó tí wọ́n ní ó jalè.”

Kí n tó sọ ohun tí mo fi dá wọn lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe débẹ̀.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo fi ń jẹun. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan n’Íbàdàn, kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó máa ń yarí tí iná bá ti ṣẹ́jú. Iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń tẹ̀ jù. Tí ọwọ́ bá dilẹ̀, mo máa ń kọ tèmi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin báyìí tí mo ti ń kọ ìtàn Ìyá Aláró. Ìwé méjì ti jáde, ẹ̀kẹta wà lórí kọ̀ǹpútà, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn.

Opó ni Ìyá Aláró, ẹni àádọ́ta ọdún, ó ń gbé nínú agbo ilé kan lábẹ́ Òkè Màpó láàárín ọdún 1955 sí 1960. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ aṣọ. Bí o bá ró ìró kọjá níwájú rẹ̀, ó mọ ẹni tó pa á láró, ó mọ iye ìgbà tí wọ́n rì í bọ inú ìkòkò, ó sì mọ̀ bóyá ìwọ lo ni ín tàbí o yá a wá sóde. Ohun tó fi ń mú olè nìyẹn.

Irú ìtàn báyìí, cozy mystery ni àwọn òyìnbó ń pè é. Mi ò tíì rí orúkọ Yorùbá tó tẹ́ mi lọ́rùn fún un. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa pè é ní “ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ́wọ́ọ́wọ́”, ó ní bí omi ìwẹ̀ àfẹ̀mọ́jú ló rí, kò tutù, kò jóni. Àbùkù ni ó fi ṣe, ṣùgbọ́n mo gbà á. Nínú irú ìtàn yìí, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn lójú ewé. Ẹni tó ń tú àṣírí kì í ṣe ọlọ́pàá, èèyàn lásán ni, tó ní iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀, tí gbogbo àdúgbò mọ̀, tí wọ́n sì ń fojú kékeré wò. Ọdún 1930 ni Agatha Christie fi odindi ìwé ìtàn kan fún Miss Marple fún ìgbà àkọ́kọ́, ìyá arúgbó abúlé tó ń hun òwú, tó sì ń tẹ́tí sí òfófó. Ní 1977, Ellis Peters mú Cadfael dé, ẹlẹ́sìn tó ń gbin ewé ìwòsàn ní ìlú Shrewsbury lẹ́gbẹ̀rin ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ní 1998, Alexander McCall Smith gbé tiẹ̀ lọ sí Botswana, ó fún Mma Ramotswe ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Gaborone. Gbogbo wọn ló yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe ìlérí kan náà fún òǹkàwé: tí o bá dé ojú ewé tó kẹ́yìn, wàá mọ ẹni tó ṣe é, ará àdúgbò á sì lè jókòó jẹun pọ̀.

Ẹ má rò pé mo gbàgbé tiwa o. Ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo ti ka Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní 1969, ẹ̀yìn ìwé náà ti fà ya. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá Àgbàlagbà Akàn rí, èyí tó tẹ̀ lé e ní 1971. Mo ka àwọn ìwé Kọ́lá Akínlàdé pẹ̀lú, níbi tí Akin Olúṣínà ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n Lápàdé ti ṣe ọlọ́pàá rí, iṣẹ́ Olúṣínà náà sì ni. Èmi ń fẹ́ obìnrin tó jẹ́ pé bó bá tú àṣírí tán, yóò dìde, yóò padà sídìí ìkòkò rẹ̀, nítorí pé aró tó ti ń hó kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni mo wò kọ ọ́. Kí n tó gbọ́n ni wọ́n ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò aró mẹ́ta ṣì wà lẹ́yìnkùlé, adìyẹ ló ń yé sínú wọn. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á ro láfún bí ẹni ro ẹ̀kọ, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sára aṣọ funfun, wọ́n á sá a sóòrùn, kí wọ́n tó rì í bọ aró èlú. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní í ràn án dáadáa. Tí wọ́n bá ha ẹ̀kọ kúrò, ọnà á yọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọnà náà ni Ìbàdàndùn. Bí ẹ bá wò ó fínnífínní, ẹ ó rí àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó nínú rẹ̀. Ẹ fi ti òpó yẹn sọ́kàn.

Ìtàn kan wà tí Ìyá Àgbà máa ń sọ tí iná bá lọ. Ní 1955 ni, ọdún tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn ìyàwó agbo ilé wa dá àjọ, ó di pọ́ùn mẹ́sàn-án. Wọ́n dì í sínú ìró Ìbàdàndùn kan, wọ́n fi í sọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyàwó Ọ̀fà, nítorí pé Ọ̀fà ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pín owó, owó ò sí, ìró ò sí. Wọ́n ní òun ni. Ó búra, wọn ò gbọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó di ẹrù rẹ̀, ó gba ọ̀nà rélùwéè ní Dùgbẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni nínú ilé ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. “Wọn ò rí ẹni tó kó o títí dòní,” bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Àgbà máa ń parí rẹ̀, wọ́n á sì ní kí n lọ bu omi wá.

Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn tó ìgbà ogún, inú sì máa ń bí mi sí i. Pọ́ùn mẹ́sàn-án ò kúkú ní ìyẹ́. Ẹnì kan ló kó o. Nígbà tí mo fẹ́ kọ ìwé àkọ́kọ́, mo ní mo máa bá wọn wá a rí.

Bí mo ṣe wá a rí nìyí. Nínú ìwé mi, wọ́n bá ìró náà nínú àpótí àbúrò ọkọ. Ọkùnrin náà ní ogún ìyá òun ni, ìyá òun tó bá àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 lọ. Gbogbo ilé ń mi orí, wọ́n ń káàánú rẹ̀. Ìyá Aláró ní kí wọ́n tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, ó wá fi ìka tọ́ka sí òpó Màpó. Ọdún 1929 ni wọ́n kọ́ Màpó parí. Báwo ni ìyá tó kú ní 1918 ṣe fi òpó ilé tí kò tíì sí sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀? Lóru ọjọ́ tí mo rí ẹ̀rí yìí, èmi nìkan ni mo dìde jó nínú yàrá. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ títí di ìsinsìnyí, ẹ má bínú.

Ìtàn àtijọ́ kíkọ ní wàhálà tirẹ̀. Mo lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, mò ń ka ìwé ìròyìn 1955, ọrùn ń dùn mí. Mo fẹ́ kí Olúbàdàn ìgbà náà, Ọba Isaac Akínyẹlé, fara hàn nínú ìran kan, torí pé ọba tó ti kọ ìwé ìtàn ìlú rẹ̀ láti 1911 kí ó tó jọba, òǹkọ̀wé wo ni kò ní wù? Mo yọ ìran náà kúrò nígbà tó yá. Mo bẹ̀rù pé mo lè fi ọ̀rọ̀ sí ọba lẹ́nu kí àwọn ọmọ rẹ̀ bínú. Ẹ wo bí mo ṣe bẹ̀rù ilé ọba, tí mi ò sì bẹ̀rù ilé tiwa.

Àṣìṣe pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ya èèpo iwájú ìwé àkọ́kọ́ gbé Cocoa House síbẹ̀ rẹgẹdẹ, ilé tí wọn ò kọ́ tán títí di 1965. A ti tẹ ogójì ẹ̀dà kí n tó rí i. Èyí tó dójú tì mí jù ni ti bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ awakọ̀. Wọ́n fi voice note ìṣẹ́jú mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi pé nínú orí karùn-ún, ọkọ̀ akẹ́rù mi ń gba apá ọ̀tún lọ sí Dùgbẹ̀. “Ọmọ mi, apá òsì là ń gbà nígbà yẹn. Ọdún 1972 ni wọ́n yí i padà. Ọkọ̀ tìẹ yìí, gbogbo ayé ló máa forí sọ.” Wọ́n wá ṣàdúrà fún mi. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn àtijọ́ lédè Yorùbá, kó yáa mọ̀ pé àwọn tó ṣojú wọn ṣì wà láyé, wọ́n sì ní WhatsApp.

Kíkọ ìwé ṣì rọrùn. Títà ló le. 300 ẹ̀dà ni mo tẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, 41 ni mo tà, ìyá mi ló sì ra mẹ́fà nínú rẹ̀. Mo gbé e lọ sí ilé ìtàwé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: “Ṣé ó wà lára ìwé tí wọ́n ń kà fún WAEC?” Mo ní kò sí. Wọ́n ní kí n lọ rora. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí n kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn mìíràn ní kí n fi PDF ránṣẹ́ “kí Ọlọ́run lè bù kún yín”, bí ẹni pé Ọlọ́run ni yóò san owó tẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù mi. Ohun tí mo wá ṣàkíyèsí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ ló ń gbọ́ Yorùbá bí omi, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí àmì ohùn lórí ìwé, ojú wọn á ṣú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sétí wọn. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, orí kan. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà nínú rẹ̀, ikọ́ Ìyá Àgbà wà nínú rẹ̀. Àwọn kan sọ fún mi pé ikọ́ yẹn gan-an ni àwọn ń dúró dè.

Síbẹ̀ owó ò wọlé. Ọjọ́ Ẹtì kan báyìí ni mo fi fọ́tò Ìyá Àgbà nígbà ọ̀dọ́ wọn sórí status mi, gèlè wọn ga, ojú wọn le, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: ÌTÀN TÓ ṢẸLẸ̀ LÓÒÓTỌ́ NÍ AGBO ILÉ WA, 1955.

Ìwé 63 ni mo tà lọ́sẹ̀ yẹn.

Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo ti kà nípa Isaac Thomas, olóòtú Akéde Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ ní 1929. Obìnrin tó ti fi ẹwà ṣayé, tí àìsàn wá dá dùbúlẹ̀, tó ń ròyìn ara rẹ̀ fún gbogbo Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ní 1930 ó kó lẹ́tà náà pọ̀, ó di ìwé, ọ̀pọ̀ sì ń pè é ní ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Mo máa ń sọ fún ara mi pé, ṣé ẹ rí i, láti ìbẹ̀rẹ̀ pàá ni “òótọ́ ni o” ti ń bá wa tàwé. Ohun tí mi ò rò ni pé Ṣẹ̀gilọlá kò ní ọmọ-ọmọ kankan tó lè tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ láago mọ́kànlá alẹ́.

Ẹni tó kọ̀wé sí mi, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jẹ́ fún mi, Ọ̀fà ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ní láti Ìbàdàn, ìyá ìyá àwọn padà sí Ọ̀fà, kò lè gbé ibẹ̀ nítorí ìtìjú, ó bá àwọn oníṣòwò lọ sí Gold Coast. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ ọkọ mìíràn, ibẹ̀ ló ti bí ìyá àwọn. Aṣọ ló ń tà níbẹ̀ títí tí ìjọba Busia fi ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé jáde ní 1969, ló bá tún di ẹrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Títí tó fi kú ló ń sọ ọ́ pé òun ò mú owó wọn. Ẹnì kan ló ta àtaré voice note mi sí gbàgede WhatsApp ẹbí wọn. Ìyá wọn, ẹni tó ti ń lọ sí àádọ́rin ọdún, gbọ́ ọ, wọ́n bú sẹ́kún nídìí iṣẹ́, torí pé fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn, àlejò kan lórí fóònù ń sọ pé Ìyàwó Ọ̀fà kò jalè. “Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe mọ̀? Ta ni ẹni yẹn gan-an? Ṣé ó ṣì wà láyé?”

Mi ò mọ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, fóònù lọ́wọ́ mi, mi ò mọ nǹkan kan. Ìró yẹn, òpó yẹn, ìyá tó kú ní 1918, inú orí mi ni gbogbo rẹ̀ ti jáde.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn ti dé. Àǹtí mi kan, ọmọ àbúrò bàbá bàbá mi, pè mí. Wọn ò kí mi. “Ní 1955, bàbá mi nìkan ni àbúrò ọkọ tó wà nínú ilé yẹn. O wá kọ ọ́ pé òótọ́ ni, o lẹ fọ́tò ìyá ẹ mọ́ ọn. O rò pé àwa ò lè kà?” Wọ́n pa fóònù. Bàbá náà ti kú láti ọdún gbọọrọ. Mi ò ronú kàn án rí nígbà tí mò ń kọ ọ́, Ọlọ́run mọ̀. Olè ni mo nílò, mo mú ẹni tó bá ààyè náà mu.

Mo lọ bá Ìyá Àgbà. Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún báyìí, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí wọn dá ṣáká. Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà sí wọn létí látòkèdélẹ̀. Wọ́n dákẹ́, ó pẹ́ débi tí mo fi rò pé wọ́n ti sùn.

Wọ́n ní, “Ó bímọ?”

Mo ní, “Ó bímọ, Màámá. Ó tiẹ̀ ní ọmọ-ọmọ.”

“Kò bí níbí. Ọdún mẹ́fà ló fi wà níbí, kò bí. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn. Kò sí ọmọ tó máa bi ẹnikẹ́ni pé kí ni ẹ fi ìyá mi ṣe.” Wọ́n fọwọ́ pa ojú. “Gbogbo wa la mọ̀ pé kì í ṣe òun.”

Mo ní, “Ta wá ni, Màámá?”

“Àjọkẹ́, mo ní mi ò mọ̀. Èyí tí mo mọ̀ ni mo sọ fún ẹ yẹn.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ ọ́ nígbà yẹn?”

“Ìyàwó tuntun ni mí. Tí n bá ní kì í ṣe òun, wọ́n á ní ta ni. Kí n wá ní ta ni?” Wọ́n tún dákẹ́. “Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya òpó yẹn. Ọwọ́ tèmi ń gbọ̀n, ó ní kí n má mí tí mo bá ń fà á.”

Látìgbà tí mo ti mọ ọwọ́ mi yàtọ̀ sẹ́sẹ̀, mi ò gbọ́ èyí rí. Ìgbà ogún tí wọ́n sọ ìtàn yẹn fún mi, wọn ò fi eléyìí sí i, èmi náà ò sì béèrè. Ta ló kó o ni mo gbájú mọ́.

Mo sọ fún wọn pé mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún àwọn ará Ọ̀fà. Wọ́n ní, “Tan nǹkan tó o fi ń gbohùn yẹn.” Mo tàn án. Wọ́n kí ọmọ Ìyàwó Ọ̀fà, wọ́n kí àwọn ọmọ-ọmọ. Wọ́n ní ìyá yín ò mú nǹkan kan, èmi wà níbẹ̀, mo mọ̀, mi ò sọ ọ́, ẹ má bínú. Wọ́n ikọ́. Ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n Ọ̀fà, mo sì kọ tèmi sábẹ́ rẹ̀: pé olè inú ìwé, èmi ni mo dá a, pé mi ò mọ ẹni tó kó owó, pé kò yẹ kí n kọ “lóòótọ́” síbẹ̀. Mi ò gbé ohùn yẹn sórí status, mi ò sì ní í gbé e. Wọ́n gbà kí n kọ èyí tí ẹ ń kà yìí, ìyá wọn náà gbà, kìkì kí n má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Àǹtí mi, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n ní, “Mo ti gbọ́.” Ẹ̀yin náà mọ̀ pé “mo ti gbọ́” kì í ṣe “mo ti dárí jì ẹ́”. Mo ti pa gbólóhùn “lóòótọ́” rẹ́ níbi gbogbo tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́, mo yọ fọ́tò kúrò. Nínú ẹ̀dà tuntun, mo ti gbé agbo ilé Ìyá Aláró kúrò lábẹ́ Màpó lọ sí Òjé, olè náà sì ti di ẹni tó háyà yàrá nínú ilé. Òpó Màpó ṣì mú un. Lóṣù tó kọjá, mẹ́sàn-án ni mo tà.

Ìwé kẹta ló ń dà mí láàmú. Orí tó kẹ́yìn ló kù. Gbogbo ará ilé ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá Aláró dìde dúró láàárín wọn, aró wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbúnwọ́, wọ́n ń retí kí ó nawọ́ sí ẹnì kan. Ó ti tó oṣù méjì tó ti dúró síbẹ̀. Mo máa ń ṣí i, mo máa ń wo gbogbo àwọn tó jókòó yẹn, kì í ṣe olè nìkan mọ́. Mò ń wo àwọn tó mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀fà fèsì lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n ní ìyá àwọn gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n ṣáà ní àwọn fẹ́ wá wo ìkòkò aró wọ̀nyẹn. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n mú. Ìyá Àgbà ní kí á fọ ìkòkò náà mọ́ tónítóní. A ti fọ méjì. Adìyẹ sàba sínú ẹ̀kẹta, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni súnmọ́ òun.